Ọgọ́rùn-ún Ebè: Ẹ̀kọ́ Ìtàn fún Àwa tí Ẹlòmíràn Ń Bá Tọ́jú Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí inú ilé wa ló wà. Ó kan ẹni tí a gbà sílé kí ó máa bá wa tọ́jú ọmọ, ìbáà jẹ́ ìbátan tí ó ti ilé wá, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa tí ń wá owó ilé, ìbáà sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn tí a kò mọ̀ rí.

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti onílé, ọmọ tí a ń tọ́jú kọ́ ló sábà máa ń fà á. Abọ́ àná tí a kò fọ̀ ni, aṣọ bàbá ọmọ tí a kò lọ̀ ni, ilé ìwẹ̀ tí a kò gbọ́n omi rẹ̀ ni. Onílé á ti ibi iṣẹ́ òru dé, á wo ilé yíká, á ní, "Kí lo ń ṣe láti àárọ̀?" Èkejì á dákẹ́, ṣùgbọ́n yóò máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ṣé ọmọ ni wọ́n ní kí n wá tọ́jú ni, àbí gbogbo ilé?" Ìbéèrè méjèèjì ló tọ́. Àléébù wọn ni pé ó yẹ kí a ti dáhùn wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a kò sì dáhùn wọn.

Àwọn kan nínú wa gbà pé ìwà òyìnbó ni kí a máa ka iṣẹ́ fún ẹni tí ń gbé ọ̀dọ̀ ẹni, pé àṣà tiwa ni kí ẹni tí ó kéré máa ṣe ohun gbogbo tí àgbà bá ní kí ó ṣe. Ìtàn kò gbè wọ́n. Àwọn baba ńlá wa mọ bí a ti ń wọn iṣẹ́, wọ́n sì wọ̀n ọ́n fún ẹni tí ó jẹ gbèsè pàápàá. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ṣe é.

Láyé àtijọ́, bí owó bá wọ́n ẹnì kan, bóyá òkú ni ó fẹ́ sin, tàbí ìyàwó ni ó fẹ́ gbé, tàbí ọ̀ràn kan ni ó bá a, yóò wá olówó lọ, yóò yá owó, onígbọ̀wọ́ yóò sì dúró fún un. Kò ní san èlé lówó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni èlé, yóò sì máa ṣe é títí di ọjọ́ tí ó bá san owó náà pé. Òun ni a ń pè ní ìwọ̀fà. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921 lẹ́yìn tí ó ti kú, ṣàlàyé ètò yìí yékéyéké. Ó ní iṣẹ́ tí olówó lè béèrè lọ́wọ́ ìwọ̀fà ni kí ó ro ilẹ̀ tí ó tó ọgọ́rùn-ún ebè iṣu lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ Yorùbá ọlọ́jọ́ márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀ọ́dúnrún ebè ni iṣẹ́ òòjọ́ ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni olówó ní lára ìwọ̀fà. Ìdá méjì tí ó kù lọ́jọ́ náà, àti àwọn ọjọ́ yòókù, ti ìwọ̀fà fúnra rẹ̀ ni. Bí ó bá parí ọgọ́rùn-ún ebè, ó lè gba oko tirẹ̀ lọ, ó lè lọ ṣe òwò, kò sí ẹni tí yóò bi í pé níbo ló ń lọ. Johnson tilẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá lágbára lè ṣe ìwọ̀fà fún olówó mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa ro ọgọ́rùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé ara rẹ̀ ni ó ń sùn. Ọmọ bíbí ìlú ni, kì í ṣe ẹrú, olówó kò sì lè tà á. Bí àárín wọn kò bá sì gún, ó lè wá olówó mìíràn tí yóò bá a san owó ẹni àkọ́kọ́, kí ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni yẹn.

Ohun mẹ́ta nìyẹn tí ìwọ̀fà ní: iṣẹ́ rẹ̀ ní òṣùwọ̀n, ó ní àkókò tirẹ̀, ó sì ní ọ̀nà tí ó lè gbà kúrò. Gbèsè ni ó jẹ o, síbẹ̀ ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹnu pọ́n ayé àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí bàbá bá fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà dípò ara rẹ̀, gbogbo ètò dáradára yìí fọ́. Agbára ọmọdé kò tó ro ọgọ́rùn-ún ebè, nítorí náà gbogbo àkókò ọmọ náà ni wọ́n gbà. Ilé olówó ni ó ń gbé, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹ, ibẹ̀ ni ó ń sùn. Ohunkóhun tí wọ́n bá rán an ni ó ń ṣe: omi pípọn, ilé gbígbá, ẹrù rírù, ọmọ pípọ̀n. Àṣà sọ pé kí olówó tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olówó kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Àgbàlagbà lè na ọwọ́ sí ebè kí ó ní, "Mo ti parí." Ọmọdé tí ń gbé inú ilé kò ní nǹkan kan tí ó lè nawọ́ sí. Ìwà olówó nìkan ni ó dúró láàárín òun àti ìyà. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ fífi ọmọdé ṣe ìwọ̀fà di àríyànjiyàn ńlá láàárín 1920 sí 1940, tí ìjọba amúnisìn fi gbógun tì í.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe bí iṣẹ́ ti le tó ni ó ń sọ ẹni di ẹrú. Bí iṣẹ́ kò bá ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní òpin ni. Ẹni tí ó sì wà nínú ewu yìí jù lọ ni ẹni tí ó ń sùn níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìwọ̀fà kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ kò kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn òbí ní abúlé ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí olùkọ́, sí pásítọ̀, sí oníṣòwò ní ìlú ńlá, kí ó lè rí ilé-ìwé lọ, kí ó sì kọ́ ìwà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá ni ó gba ọ̀nà yìí dé ibi tí wọ́n dé, a kò lè sẹ́ èyí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, òbí kò tún nílò láti fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó lè kàwé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ ọ̀dọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, títí dé Benin àti Togo. Ní Benin, àwọn Fọn ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: vidomègon, ọmọ tí a fi sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Bí ọmọ ti ń ti ọ̀nà jíjìn wá tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó lè bá a sọ̀rọ̀ ń jìnnà sí i tó. Ní 2003, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà là á sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọdé ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ibi tí kì í ṣe ilé tàbí agbo ẹbí tirẹ̀. Òfin wà, a sì mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí nílé síbẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa tí a wà ní Yúróòpù mọ̀. Ní January 1994, ọmọbìnrin kan láti Togo, tí kò tí ì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, bá obìnrin kan dé ìlú Paris. Àdéhùn ni pé yóò ṣiṣẹ́ ilé títí yóò fi san owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ tán, wọn yóò bá a ṣe ìwé ìgbélùú, wọn yóò sì rán an lọ sí ilé-ìwé. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n yá tọkọtaya mìíràn lò ó, nítorí pé obìnrin ilé náà lóyún, ó sì fẹ́ ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Àwọn yẹn ní ó wúlò, wọ́n dá a dúró. Láti aago méje ààbọ̀ àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, ó ń tọ́jú ọmọ, ó ń se oúnjẹ, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọṣọ. Orí ibùsùn àtẹ́sílẹ̀ nínú yàrá àwọn ọmọ ni ó ń sùn, kí ó lè dìde bí wọ́n bá ké lóru. Kò gba owó oṣù. Ọdún 1998 ni àwọn ọlọ́pàá tó dé ilé náà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù July 2005, Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg dá ẹjọ́ Siliadin àti orílẹ̀-èdè Faransé pé ìsìnrú ni wọ́n mú ọmọ yìí sìn, pé òfin Faransé kò sì dáàbò bò ó tó. Ireland wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí kóòtù yìí ń dá ẹjọ́ fún.

Ẹ wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Gbèsè owó ọkọ̀ òfuurufú ni, ìlérí ilé-ìwé ni, àti "ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀." Olúkúlùkù wa ló ti gbọ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ìwọ̀fà àtijọ́ mọ iye owó tí òun jẹ, ó sì mọ iye ebè tí òun ń ro. Ọmọ yìí kò mọ ọ̀kankan.

Kí a má sì rò pé àwa nìkan ni ìtàn yìí kàn. Àwọn ọmọ Ireland tí a ń bá gbé mọ̀ ọ́n dáadáa. Láyé àtijọ́, ní àríwá erékùṣù Ireland, ní ìlú bíi Strabane àti Letterkenny, ọjà ìgbanisíṣẹ́ máa ń wáyé ní oṣù May àti oṣù November. Àwọn ọmọ tálákà láti ìwọ̀-oòrùn Donegal, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ, yóò dúró lójú ọjà kí àgbẹ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò, kí ó gbà wọ́n fún oṣù mẹ́fà. Ní ìparí oṣù mẹ́fà ni owó tó ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní Dublin fúnra rẹ̀, àwọn ilé ńlá Rathmines àti Rathgar tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń háyà yàrá kún fún ọ̀dọ́mọbìnrin láti ìgbèríko tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ilé. Ẹni tí ó bá yẹ ìwé ìkànìyàn 1911 wò yóò rí wọn, orúkọ wọn lẹ́yìn orúkọ ẹbí onílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyókù wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Boston àti New York, wọ́n ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn ará Amẹ́ríkà sọ orúkọ Bridget di orúkọ ìfiniṣẹ̀sín fún gbogbo wọn. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi san owó ilẹ̀. Bí àwa náà ti ń ṣe lónìí nìyẹn.

Orílẹ̀-èdè tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i wá ṣe òfin níkẹyìn, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ní April 2000, òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní £4.40 owó Ireland ìgbà náà fún wákàtí kan, ó sì kan òṣìṣẹ́ inú ilé. Ní January 2025, ó ti dé yúrò 13.50. Bí onílé bá ń pèsè oúnjẹ àti yàrá, iye kékeré tí ìjọba ti là sílẹ̀ nìkan ni ó lè kà mọ́ owó náà; kò lè sọ pé oúnjẹ ti gba gbogbo rẹ̀. Òfin 1997 lórí àkókò iṣẹ́ sọ pé kí iṣẹ́ má ju wákàtí méjìdínláàádọ́ta lọ lọ́sẹ̀ bí a bá pín in dọ́gba, kí òṣìṣẹ́ sì ní wákàtí mọ́kànlá ìsinmi láàárín ọjọ́ kan sí èkejì. Ní 2007, ìjọba gbé ìlànà kan jáde fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé. Ìlànà náà ní kí a kọ iṣẹ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹni tí ń gbé inú ilé ní yàrá tirẹ̀, kí onílé má gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ pamọ́, kí a má sì fi iṣẹ́ mìíràn kún iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ní June 2011, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn 189 ní Geneva nítorí àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé. Ireland fọwọ́ sí i ní 2014. Láti March 2019, onílé gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó ní kókó àdéhùn nínú láàárín ọjọ́ márùn-ún tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní March 2016, ìgbìmọ̀ tí ń jẹ́ Workplace Relations Commission dá ẹjọ́ pé kí ìdílé kan san yúrò 9,229 fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Spain tí wọ́n pè ní au pair. Ìdí ẹjọ́ náà ni pé orúkọ tí a fún ènìyàn kò sọ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́. Àjọ Migrant Rights Centre Ireland tí ó wà ní Dublin ni ó tì í lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ń pe ọmọ ọ̀dọ̀ wa ní "àbúrò mi" gbọ́ èyí dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní ìkànìyàn 2002, ọmọ Nàìjíríà 8,969 ni a kà ní Ireland. Ní 2011 wọ́n ti di 17,642. Ilé tí ó ní ọmọ kékeré pọ̀ láàárín wa ní Blanchardstown, Tallaght àti Balbriggan, ìyá àti bàbá ń ṣiṣẹ́, ìyá àgbà kò sí nítòsí tí yóò gba ọmọ pọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí òfin fún ní ogún wákàtí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé ń lọ ni ó sì sábà máa ń wá gba iṣẹ́ náà. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, onílé wà, ẹni tí ń tọ́jú ọmọ sì wà. A ń jókòó pọ̀ ní ìpàdé kan náà.

Kí ni a wá lè mú nínú ìtàn yìí lọ sílé? Àkọ́kọ́, kí a ka ebè. Iṣẹ́ ọmọ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ilé. Oúnjẹ ọmọ, aṣọ ọmọ, abọ́ tí ọmọ fi jẹun, yàrá ọmọ, ohun ìṣeré rẹ̀, mímú un lọ sí ilé-ìwé àti mímú un bọ̀: gbogbo èyí bá ìtọ́jú ọmọ rìn, ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ráhùn nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ àgbàlagbà lílọ̀, ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sísè, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fífọ̀, ìkòkò ìrẹsì ìsọmọlórúkọ ọjọ́ Sátidé, iṣẹ́ mìíràn ni. Bí a bá fẹ́ ẹ, kí a sọ ọ́, kí a fi wákàtí kún wákàtí, kí a sì fi owó kún owó. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó méjèèjì, kí ó yan ọ̀kan. Bàbá ilé náà ní ọwọ́ méjì, ó lè fọ abọ́.

Èkejì, kí àkókò tirẹ̀ wà. Oorun ọ̀sán ọmọ kì í ṣe ìsinmi fún ẹni tí ń ṣọ́ ọ, nítorí kò lè jáde. Bí ó bá sì ń jí sí ẹkún ọmọ lóru, iṣẹ́ ni, kí a kà á mọ́ iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀nà àtikúrò wà: ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀, owó rẹ̀ ní àkáǹtì rẹ̀, àti iye ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi sọ fún ẹnì kejì kí ó tó fi í sílẹ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí de ẹni tí ń tọ́jú ọmọ pẹ̀lú. Kò dára kí ó jí ní àárọ̀ Monday kí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun kò wá mọ́, nígbà tí ìyá ọmọ ti wọ aṣọ iṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí wà fún òṣìṣẹ́, kì í ṣe àṣẹ fún onílé pé kí ó máa rán ènìyàn níṣẹ́ ẹrú.

A mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní, "Ọmọ àbúrò ìyá mi ni, ṣé kí n wá máa bá a kọ ìwé?" Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ kọ ọ́. Onígbọ̀wọ́ ìwọ̀fà sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó mọ tọ̀tún tòsì, síbẹ̀ wọ́n ka ebè lójú rẹ̀. Ìbátan tí a kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ fún ni kò ní lè sọ pé ó ti rẹ òun, nítorí ojú ìyá rẹ̀ àti ojú ìyá yín ni ó ń wò. Òwe kan sọ pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ẹni tí ń gbé ọmọ wa sùn ní Dublin ní ìyá kan tí ń dúró de ìpè rẹ̀ nílé. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó sídìí tábìlì lálẹ́ òní, kí ẹ kọ ọgọ́rùn-ún ebè rẹ̀ sílẹ̀.